Àsè Ìfẹ́ Ìparí Sáà: Ìtàn Àpèjẹ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Onígbàgbọ́ ní Iléṣà àti Òṣogbo

Bí ìdánwò bá ti ń lọ sí òpin ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú àpótí, òórùn kan wà tí í máa ń jáde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Òórùn ìrẹsì tí a fi ata àti tòmátì sè lórí iná igi ni. Ẹni tí ó bá ti bá ìdàpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Onígbàgbọ́ rìn rí, ìbáà ṣe ní Iléṣà, ní Òṣogbo tàbí ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, kò ní í béèrè ohun tí ó ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Àsè ìfẹ́ ti dé nìyẹn.

Àwọn tí ń kọ ìtàn ìjọ ní ilẹ̀ wa ti kọ púpọ̀ nípa ìsọjí, nípa àdúrà orí òkè, nípa àwọn tí ó dá ìjọ sílẹ̀. Ìdí àdògán ni wọn kì í sábà yà sí. Bẹ́ẹ̀, ní èrò tèmi, bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí jẹ́ sí ara wọn, orí pẹpẹ nìkan kò tó wò. Kí a wo ẹni tí ó jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí a sì wo ẹni tí kò jẹ. Ìtàn èyí ni mo fẹ́ sọ.

Orúkọ náà gan-an ti pẹ́ ju ilé-ẹ̀kọ́ gíga èyíkéyìí lọ. Àwọn Onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ a máa jẹun pọ̀ nígbà tí wọ́n bá pàdé, ìwé Júúdà sì pe oúnjẹ náà ní àsè ìfẹ́. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé ìdí àwo. Ní ìlú Kọ́ríńtì, àwọn tí ó rí já jẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọn á jẹ tiwọn, wọn á mu àmuyó, àwọn tí kò ní á sì jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ebi. Pọ́ọ̀lù bá wọn wí kíkankíkan ní orí kọkànlá ìwé rẹ̀ kìíní sí wọn, pé wọ́n ń dójú ti aláìní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí kọkànlá yìí sọ́kàn. A ó tún bá a pàdé.

Àsè yìí di ohun ìgbàgbé nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, títí àwọn ará Moravia fi jí i dìde ní Herrnhut, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1727. Ọdún 1737 ni John Wesley bá wọn jẹ ẹ́ ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, òun ni ó sì gbé e wọ inú ẹgbẹ́ tí a wá mọ̀ sí Ìjọ Elétò, ìyẹn Mẹ́tọ́díìsì. Búrẹ́dì lásán àti omi ni oúnjẹ ibẹ̀. Ife ńlá ẹlétí méjì ni wọ́n fi ń gbé omi láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wọn á kọrin, wọn á gbàdúrà, wọn á dá owó fún àwọn aláìní, lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ yóò dìde jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un.

Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì fi ń wọlé. Kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ o. Ẹ̀rí ni pé ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ń rìn déédéé nínú kíláàsì rẹ̀. Láti ọdún 1742 ni wọ́n ti ń dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀ nínú kíláàsì wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àdéhùn ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ni pé bí ẹnì kan kò bá lè san án, aṣíwájú kíláàsì yóò san án fún un. Tálákà tí ìwà rẹ̀ tọ́ ń wọlé. Ọlọ́rọ̀ tí ìwà rẹ̀ wọ́ ń dúró síta.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman mú ẹ̀sìn Elétò dé Àgbádárìgì. Nígbà tí ó ṣe, ó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tí gbogbo ọmọ Iléṣà mọ̀, tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, orúkọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni ó ń jẹ́. Wesley Guild ni ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Mẹ́tọ́díìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1896, tí wọ́n fi ń pàdé láti gbàdúrà, láti kẹ́kọ̀ọ́ àti láti ṣe fàájì pọ̀. Owó tí wọ́n ń dá jọ ni wọ́n fi ran iṣẹ́ ìwòsàn náà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a bí sí ilé ìwòsàn yìí láìmọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe àpéjọ alẹ́ ni ó fún un lórúkọ. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí àgbàlagbà kan bá yọ ṣùtì sí ìdàpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pé eré ọmọdé ni.

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tiwa, ọdún 1940 ni a dá Student Christian Movement sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Scripture Union, tí ó ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1867, wọ inú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1968 ni NIFES, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ajíhìnrere ní Nàìjíríà, dìde. Ṣùgbọ́n ọdún 1970 ni iná ràn gan-an, nígbà tí ìrírí Ẹ̀mí Mímọ́ àti fífi èdè àjèjì sọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Onígbàgbọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì ti ibẹ̀ tàn dé Ifẹ̀ àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Matthews Òjò ti ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké nínú ìwé The End-Time Army tí ó jáde ní ọdún 2006. Àwa ará ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò sì jẹ́ àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìsọjí, nítorí ní Òkè Ooye ní Iléṣà ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1930. Ọmọ tí ó dàgbà sí àdúgbò bẹ́ẹ̀ mọ ààwẹ̀ kí ó tó mọ àsè.

Àwọn aṣáájú ìsọjí tuntun náà le koko. William Kúmúyì, ọmọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì tirẹ̀ ní ọdún 1973 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. (Enoch Adébóyè, ọmọ Ifẹ̀wàrà tí ó lọ sí Ilesa Grammar School, oníṣirò ni òun náà. N kò mọ ohun tí ó wà láàárín ìṣirò àti ìsọjí ní agbègbè wa.) Nínú àwọn ìdàpọ̀ tí ó tẹ̀ lé irú ọ̀nà líle yìí, yẹtí kò gba etí, tẹlifíṣọ̀n kò gba yàrá, ijó kò gba ẹsẹ̀. Ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé irú àwọn ènìyàn báyìí ni ó wá di olórí onísè.

Kí ó tó lè yé wa, a ní láti rántí ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama àti ti olùkọ́ni tí ó ní ilé ìgbé máa ń ṣe àríyá alẹ́ kan ní ìparí táàmù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní social. Wọn yóò kó àga gbọ̀ngàn ìjẹun sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọn yóò gbé ẹ̀rọ agbórin wá, wọn yóò pe àwọn ọmọbìnrin láti ilé-ẹ̀kọ́ kejì, ijó yóò sì bẹ̀rẹ̀ títí agogo yóò fi dún. Ọmọ tí ó ti di àtúnbí kò gbọdọ̀ lọ. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò jẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní í gbà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Gbogbo ilé ti dá páropáro, orin ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, òun nìkan ni ó jókòó ti fìtílà pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jó lábẹ́ tábìlì láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ nínú ìdàpọ̀ gbọ́n. Wọ́n mọ̀ pé bí a bá gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé, ó ní ohun tí a ó fi sí i lọ́wọ́. Wọ́n bá dá alẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n gbé alẹ́ náà dání lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ni dé Iléṣà ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn tí a dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ sí i hù: ti Ìrẹ̀ àti ti Ẹ̀sà-Òkè, lẹ́yìn náà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọdún 2006, tí orí rẹ̀ wà ní Òṣogbo tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ní Òṣogbo yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn LAUTECH ti kẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀ rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Táàmù mẹ́ta ti di sáà méjì tí a ń pè ní sẹ̀mẹ́sítà, àsè ìparí táàmù sì di àsè ìparí sáà.

Báwo ni alẹ́ náà ṣe ń rí? Orin ìyìn ni wọ́n fi ń ṣí i, àdúrà tẹ̀ lé e. Wọn yóò díje nínú ìmọ̀ Bíbélì, ẹni tí ó bá sì ka orí kan lórí láìṣì gba ẹ̀bùn ìwé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí: ẹni tí kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san tí Ọlọ́run rán olùrànlọ́wọ́ sí, ẹni tí ìdánwò kan ti le fún tí ó sì yege. Bí ẹ bá fi èyí wé àsè Wesley, ẹ ó rí i pé ìlànà kan náà ni: orin, àdúrà, oúnjẹ, ẹ̀rí. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni ka ìwé Wesley kí ó tó ṣe é. Ohun tí a ń bá nínú ìjọ àwọn òbí wa ni ó wọ̀ wá lára.

Eré ìtàgé ni ọ̀pọ̀ ń retí jù. Nínú ìdàpọ̀ tí a kò ti gbọdọ̀ lọ wo sinimá, eré ni sinimá wa. Aṣọ ìbora di agbádá ọba, èédú di irùngbọ̀n, ẹni tí ó bá sì lè fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà ṣe bàbá arúgbó ti gba gbọ̀ngàn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Bóyá kí n fi kún un pé ọ̀nà eré yìí pẹ́ láàárín ìjọ. Inú ìjọ ni Hubert Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1944, pẹ̀lú eré lórí ọgbà Édẹ́nì. Láti inú irú ìdàpọ̀ tí mo ń sọ yìí ni Mike Bámilóyè náà ti wá, ọmọ Iléṣà tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìpetumodù. Ọdún 1985 ni ó dá Mount Zion sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1986, níbi àpérò àwọn olùkọ́ Onígbàgbọ́ tí ó wáyé ní Iléṣà, wọ́n ṣe eré wọn àkọ́kọ́, Hell in Conference. Ẹ wo ibi tí eré náà ti kọ́kọ́ rí ojú òǹwòran: láàárín àwọn olùkọ́ tí ó ti máa ń ṣe irú rẹ̀ fún ara wọn ní ìparí táàmù. Àwọn fíìmù tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá wá mọ̀ lẹ́yìn náà, bí Agbára Ńlá, orí ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n dúró lé.

Ti ìlù le díẹ̀. Òṣogbo mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí níbẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀ ti gbé ìlù Yorùbá wọ inú ìjọ pẹ̀lú orin Àjíǹde tí ó kọ ní ọdún 1961, tí àwọn àgbà ìjọ sì fi ìbínú kọ̀ ọ́. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1962. Àwọn ìjọ tí ó lé ìlù jáde kò rí i gbà padà bọ̀rọ̀. Ìdàpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jogún ìjà náà láìmọ̀. Àwọn kan fẹ́ pàtẹ́wọ́ nìkan, àwọn kan fẹ́ gìtá, àwọn kan sọ pé kí a mú àkúbà àti agogo wá. Ní alẹ́ àsè, àkúbà ni ó sábà ń borí. Ìyìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń ṣe, wọn kì í pè é ní ijó. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. A ní láti rí orúkọ tí kò ní í dá ẹ̀rí-ọkàn lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ìdí ìkòkò. Nígbà kan rí, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ní yunifásítì, gbọ̀ngàn ìjẹun wà, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Nígbà tí ìjọba fi owó kún iye oúnjẹ àti ilé gbígbé ní ọdún 1978, ìfẹ̀hónúhàn tí a mọ̀ sí “Ali Must Go” bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun fòpin sí oúnjẹ náà pátápátá. Láti ìgbà náà ni sítóòfù kẹrosíìnì ti wọ yàrá, tí olúkúlùkù ń sè tirẹ̀ nínú ìkòkò kékeré lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba fòfin de kíkó ìrẹsì wọlé láti òkè òkun, òfin náà sì wà títí di ọdún 1995. Ìrẹsì di oúnjẹ ọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń mu gaàrí.

Mo gbà pé ìgbà yìí ni àsè ìfẹ́ yí padà. Kí ọdún 1984 tó dé, ìpápánu ni: bisikíìtì, gúgúrú àti ẹ̀pà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan fún ènìyàn méjì. Ẹni tí ó wá ti jẹun yó ní gbọ̀ngàn kí ó tó wá. Lẹ́yìn rẹ̀, àsè náà di ìgbà kan ṣoṣo nínú sáà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oúnjẹ tí ó jẹ́ àmì tẹ́lẹ̀ di oúnjẹ ní tòótọ́. Nígbà tí ó sì di oúnjẹ ní tòótọ́, owó rẹ̀ di ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀. Àwọn arábìnrin ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì láti ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn arákùnrin ń pọn omi, wọ́n ń la igi, wọ́n sì ń gbé ìkòkò tí a yá lọ́wọ́ ìyá ìjọ kan nínú ìlú. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, iyán ni à bá jẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gún iyán fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn? Níbi tí mo wà, àwọn arákùnrin ni ó ń fọ ìkòkò lẹ́yìn àsè. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan abọ́ nílé.

Ní ìparí sáà kejì, àsè náà tún ń ṣe ìdágbére fún àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ṣe nǹkan kan níbẹ̀ tí olùkọ́ èdè kò lè gbójú fò. Àwọn aráyé ń sọ send-off. Àwọn ará kọ̀ ọ́, wọ́n ní send-forth ni ó tọ́. Àlàyé wọn ni pé a kì í lé Onígbàgbọ́ lọ, ńṣe ni a ń rán an níṣẹ́ jáde. Ní Yorùbá, ìdágbére àti ìránjáde ni ìyàtọ̀ náà, ó sì hàn nínú ohun tí wọ́n ń ṣe: àwọn tí ń lọ yóò kúnlẹ̀, àwọn tí ó kù yóò gbé ọwọ́ lé wọn lórí, bí ìjọ Áńtíókù ti ṣe fún Bánábà àti Sọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún kejì ni ó ń gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì ń sọkún.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi kọ ìwé yìí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ọdún kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fi mí ṣe akápò ìdàpọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Náírà mẹ́wàá ni a bu fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún àsè. Owó kò wọlé bọ̀rọ̀. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a gé páálí wẹ́wẹ́, kí a lu òǹtẹ̀ ìdàpọ̀ sí i, kí ẹni tí ó bá ti san owó gba tirẹ̀, kí ẹni tí kò bá ní i má sì wọlé. Wọ́n gbà. Àwọn arákùnrin ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè mí ní Òṣómàáló, bí àwọn baba wa Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Inú mi dùn sí orúkọ náà.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ní alẹ́ ọjọ́ àsè. Ọmọ ọdún kìíní kan dé. Òun ni ó la igi tí a fi dáná ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú mi ni ó ṣe. Kò ní páálí lọ́wọ́.

Mo ní, “Arákùnrin, ẹ lọ mú tíkẹ́ẹ̀tì yín wá.”

Ó ní, “Kò burú, Sísítà.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yí padà. Mo sọ fún ara mi pé ó lọ mú un wá ni. A jẹun, a jó, àbí kí n sọ pé a fi ẹsẹ̀ yìn. Ìrẹsì ṣẹ́kù sí ìdí ìkòkò, a sì bù ú fún àwọn tí ń gbé yàrá tí ó kángun sí gbọ̀ngàn, àwọn tí kì í wá sí ìdàpọ̀ rárá. Kò padà wá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò wá ní sáà tí ó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a pàdé láti yẹ ìnáwó wò, mo ka ìṣirò mi, ó pé géérégé, kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Àgbà arákùnrin kan tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn kò sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò náà. Ó ṣí Kọ́ríńtì kìíní orí kọkànlá, ó kà á láti ẹsẹ ogún títí dé ìparí, ó sì jókòó. Kò sí ẹni tí ó lè wo ojú ẹnì kejì. Mo wá ọmọkùnrin náà lọ sí yàrá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó gbé àga fún mi, ó ní inú kò bí òun. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó padà. Ó ní òun ti gbọ́. Kò padà.

Láti sáà náà, àpótí onílẹ̀kùn ni a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, tí olúkúlùkù ń fi ohun tí ó bá ní sí láìsí ẹni tí yóò rí i. Ní ìgbà àkọ́kọ́, owó dín, ẹran sì kéré ju ìka lọ. Gbogbo ènìyàn ni ó jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó kà nípa tíkẹ́ẹ̀tì Wesley àti aṣíwájú kíláàsì tí ń san pẹ́nì fún tálákà. Mo ti orí ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀.

Ní òde òní, ìṣòro mìíràn ti dé. Àsè ìparí sáà ń fẹ́ kí sáà ní ìparí. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí àrùn kòrónà. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Nínú irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ra ìrẹsì sílẹ̀ de ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀? Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ohun tí à ń fi ra àpò ìrẹsì kan tẹ́lẹ̀ kò tó rà á mọ́.

Síbẹ̀, àsè kò parẹ́. Ó ti gbé aṣọ mìíràn wọ̀ ni. Àwọn ìdàpọ̀ kan ń háyà gbọ̀ngàn nínú ìlú báyìí, wọ́n ń yan àwọ̀ aṣọ tí gbogbo ènìyàn yóò wọ̀, ayàwòrán sì ń dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí èmi dúró sí nígbà náà. N kò bínú sí aṣọ. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ iyì ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba ìwé ìpè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mo kọ́, ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, níbi tí wọ́n máa ń kọ iye owó sí. Àwọn kan kò kọ iye kankan. Ọmọ mi kan láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà sọ fún mi pé ní ìdàpọ̀ tiwọn, àwọn tí ó ti jáde tí wọ́n ti rí iṣẹ́ ni ó ń ra àpò ìrẹsì ránṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í sì béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọdún kìíní. Mo ní kí ó tún un sọ, ó tún un sọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ní Iléṣà ti di Yunifásítì Iléṣà nípa òfin tí ó jáde ní ọdún 2022. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ń yí orúkọ padà báyìí, ìwé àtijọ́ a máa sọnù nínú ìkó-ẹrù. Ìwé àkọsílẹ̀ akọ̀wé àti ti akápò àwọn ìdàpọ̀ wọ̀nyí wà nínú àpótí àwọn tí ó ti di ìyá àti bàbá àgbà báyìí ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Èkó, àwọn mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Iye ìrẹsì, iye ẹran, orúkọ eré tí wọ́n ṣe, àwọn tí ó kúnlẹ̀ fún ìránjáde, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú gègé aláwọ̀ búlúù. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó jọ̀wọ́ má ṣe dáná sun ún. Tèmi wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, ìwé oníwèé ọgọ́ta tí èèpo rẹ̀ ti ya. Orúkọ àwọn tí ó san náírà mẹ́wàá ní ọdún náà wà nínú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, mo sì fi ọwọ́ ara mi fa ìlà sábẹ́ àwọn tí kò san.